Wọ Ìbọ̀sẹ̀ Yìí Bí Orúnkún Rẹ Bá Ṣì Le

Kettle Bight,
Newfoundland.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Keegan, ọmọ ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú ìwé, mo kí ọ kú bọ́ọ̀lù. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdúró, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bí ó bá bá ọ lórí ìjókòó, jọ̀ọ́, ṣé o kàn jókòó ni, àbí orúnkún yẹn ni kò jẹ́ kí o dìde? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn, òun náà ló mú mi gbé kálàmù, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í wọlé kó má kí ará ilé, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún ọ, kí n má dà bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́.

Gbogbo wa wà. Bàbá àgbà rẹ ń kí ọ. Ara rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ sì le ju ara lọ. Láti ìgbà tí a ti fa ọkọ̀ ẹja wa gun orí ilẹ̀ nítorí òtútù, kò rí ẹja bá jà mọ́, èmi ló ń bá jà. Darlene ìyá rẹ pè láti Alberta lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ epo tí òun ń dáná fún ń jẹun bí ẹni pé oúnjẹ máa tán láyé lọ́la, ó ní kí n bá òun béèrè bí orúnkún rẹ ṣe wà. Èmi náà ní lọ́wọ́ ta ni kí n ti béèrè? Effie aládùúgbò wa ń kí ọ. Ológbò rẹ̀ bímọ sórí àwọ̀n tí bàbá àgbà rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe tán, bàbá àgbà rẹ sì ní òun kò ní lé wọn, ṣùgbọ́n kí Effie sọ fún ìyá wọn pé bí kò bá mọ àwọ̀n tún ṣe, kó tètè kọ́ ọ.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o. Àwọn tó ti ń dé ọwọ́ rẹ tẹ́lẹ̀, Effie ló ń bá mi kọ wọ́n, ó sì máa ń ti ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bọ̀ ọ́, torí náà bí o bá ti kà á rí pé mo ní kí o fẹ́ ọmọ àbúrò Effie, kì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Miss Loretta Pardy tó ń kọ́ àwa àgbà níwèé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé ọwọ́ mi ti ń gún. Ohun kan ṣoṣo tó bá mi wí sí ni pé gbólóhùn mi gùn bí okùn ìdákọ̀ró, kí n máa fi àmì ìdádúró sí i. Mo ní bí ìdákọ̀ró bá fẹ́ kan ìsàlẹ̀ omi, okùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrú. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi mí sílẹ̀.

Ìwọ gan-an lo sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́, o kò kàn mọ̀ ni. Ṣé o rántí ògiri ilé ẹja wa? Bàbá àgbà rẹ bọ́ irin lára àgbá ẹja oníyọ̀, ó kàn án mọ́ ògiri, èmi sì hun àwọ̀n sí i lára, ó di apẹ̀rẹ̀ tí o ń ju bọ́ọ̀lù sí. Nítorí pé etí omi ni ògiri náà wà, bọ́ọ̀lù tí kò bá wọlé, inú òkun ló ń bọ́ sí, ẹni tó jù ú ló sì ń wa ọkọ̀ lọ mú un. Kóòṣì tí o kọ́kọ́ ní láyé nìyẹn, omi tútù. Àwọn ará Toronto tí o ń bá gbá bọ́ọ̀lù báyìí rò pé ẹ̀bùn ni ọwọ́ tí kì í tàsé yẹn. Èmi mọ̀ pé ọ̀lẹ ni ọ́, o kò fẹ́ wa ọkọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni ẹ lọ bá àwọn ọmọ ìlú ńlá díje, tí ẹ kò pé márùn-ún, tí ẹ ní láti fi ọmọbìnrin tíṣà kún un. Wọ́n nà yín bí ẹni na kápẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kóòṣì ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní St. John's rí ọ, ó wá bá wa délé, ó mu tíì wa, ó jẹ búrẹ́dì wa, ó ní kí a jẹ́ kí òun mú ọ lọ. Mo sunkún. Bàbá àgbà rẹ ní kí n dákẹ́, ó ní bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí ọmọ yìí pẹja, kò ní dá a gùn tó bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ á máa gbá àjà ọkọ̀. Bí o ṣe lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ nìyẹn. Ọdún àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè ọ́ ní Ọmọ Ẹja, wọ́n ń sín ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ jẹ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dákẹ́. Èyí tó kẹ́yìn, èjìká ni wọ́n fi gbé ọ nígbà tí ẹ gba ife gbogbo erékùṣù yìí, ibẹ̀ lo sì ti bọ́ sí Toronto.

Ìwé ìròyìn ọjọ́ yẹn dé ọ̀dọ̀ wa. Àwòrán rẹ kún ojú ìwé, ọ̀rọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ bí èèrà. Mo gbé e tọ Effie lọ kó kà á fún mi. Effie wò ó títí, ó ní wọ́n ní o ga, ó dá a padà fún mi. Mo ní Effie, gbogbo èèrà tó wà níbí, ṣé pé ọmọ mi ga nìkan ni wọ́n ń wí? Ó ní ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Miss Loretta. Mo ti wá ka ìwé ìròyìn náà fúnra mi báyìí. Wọ́n ní o ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní ìrẹ̀lẹ̀ rẹ pọ̀, Effie kò sì kà á fún mi dé ibẹ̀.

Ó yá, jẹ́ kí n wá bọ́ sí ọ̀rọ̀. O mọ̀ pé ìyá rẹ fi fóònù fífẹ̀ pẹlẹbẹ ránṣẹ́ sí wa nígbà Kérésìmesì, kí a lè máa wò ọ́ bí ẹ bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Inú ilé ìdáná la gbé e sí, ó fẹ̀yìn ti àpótí búrẹ́dì. Láti ìgbà tí a ti fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ọdún, tí o rí wa tí àwa náà rí ọ, mo ti mọ irú nǹkan tó jẹ́, torí náà bí eré yín bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, fìlà ṣọ́ọ̀ṣì mi ni mo máa ń dé, mo sì ń gbá eruku orí tábìlì. Bàbá àgbà rẹ jókòó síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń jẹ ẹja, gbogbo Toronto ń wò ó. Mo bá a jà. Ó ní kò sí ẹni tó ń wo òun. Mo ní bí a bá ń rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó jókòó síbẹ̀ yẹn, kí ló fẹ́ di ojú tiwọn? Mo máa ń juwọ́ sí ọ bí o bá jáde. O kò juwọ́ padà rí, n kò sì bínú, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í kí ènìyàn.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni bẹ́ǹṣì. O kàn ń sáré lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kóòṣì yín pè ọ́ kúrò, ó fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ, ìwọ sì lọ jókòó, o da táwẹ́ẹ̀lì borí. Mo ní kí lọmọ yìí ṣe? O mọ bó ṣe rí ní èbúté wa. Bí ẹja bá wà lórí tábìlì tí gbogbo ọwọ́ ń la inú rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá ní kó lọ jókòó, yálà ara rẹ̀ kò yá ni o, tàbí ọ̀bẹ rẹ̀ kò mú, tàbí ó jalè. Èwo ni tìrẹ nínú mẹ́ta? Ohun tó tún dùn mí ni pé bí o bá fara kan ènìyàn pẹ́nrẹ́n, rẹfirí á fọn fèrè, á nàka sí ọ, wọ́n á sì kọ ọ́ síbẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á pé o ti ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Pásítọ̀ wa mọ ẹ̀ṣẹ̀ Effie ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò kọ ọ́ sára ògiri rí.

Mo rò ó títí. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo mú ẹja kọ́ọ̀dù tó dára jù nínú èyí tí a fi iyọ̀ sí lẹ́ẹ̀rùn, mo fi ìgò jáàmù méjì tì í, mo fi ránṣẹ́ sí Kóòṣì Marchetti láìsọ fún ọ. Mo ní kí Effie bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ dáadáa ni ọ́, kó má jẹ́ kí o máa jókòó. Má bínú. Kóòṣì dáhùn, ó ní ẹja náà dùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Keegan, láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni o kò ti jókòó mọ́! Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, o wà níbẹ̀, wọ́n á parí, o ṣì wà níbẹ̀, tí òógùn ń wẹ̀ ọ́ bí ẹni jábọ́ sódò. Bàbá àgbà rẹ ní torí pé o mọ bọ́ọ̀lù gbá ni. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹja mìíràn ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Effie rí àwòrán kan lórí fóònù rẹ̀, ó mú un wá hàn mí. Ìwọ ni, nínú agbada ńlá kan, yìnyín bò ọ́ dé ìbàdí, o sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rù bà mí dé ọkàn. Mo ti fi yìnyín ṣiṣẹ́ ju bí o ti dáyé lọ. Ohun tí kò mí mọ́ là ń tẹ́ sínú yìnyín, kó má baà rà kí ọkọ̀ oníbàárà tó dé. Ta ni wọ́n ń tọ́jú ọmọ mi dè? Effie ní gbogbo àwọn eléré ló ń ṣe é, ó ní ó dára fún orúnkún. Mo ní orúnkún tí kò ṣe nǹkan kan, kí ló ń wá nínú yìnyín? 

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni o sọ lórí fóònù pé àwọn kan wá láti Amẹ́ríkà wò ọ́, wọ́n wọn gígùn apá rẹ, wọ́n wọn fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ rẹ, wọ́n ní kí o fò sókè kí àwọn rí i. Inú rẹ ń dùn. Mo sọ ọ́ fún bàbá àgbà rẹ, ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó ní Selina, ẹni tó ń wọn ẹja, rírà ló fẹ́ rà á. Ó tún gbé ife náà, kò mu ún. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo ti ń wo igi yìí láti òkèèrè o, ọmọ mi, wọ́n ti wọ̀n ọ́, wọ́n ti tẹ́ ọ sínú yìnyín, mo wá ń retí ìgbà tí ọkọ̀ á dé.

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá wá dé. Mo ti dé fìlà mi. O gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ yẹn dáadáa, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tilẹ̀ ń pariwo orúkọ rẹ. O fò sókè, géńdé kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé fò tẹ̀ lé ọ, ẹ jọ já lulẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ká sábẹ́ rẹ. O di orúnkún mú. Mo rí i tí ẹnu rẹ là. Ibẹ̀ gan-an ni atẹ́gùn gúúsù dé, àwòrán rẹ dúró gbagidi pẹ̀lú ẹnu líla yẹn, ó sì ṣókùnkùn. Bàbá àgbà rẹ, ẹni tó ń sọ pé eré ọmọdé ni bọ́ọ̀lù, kò wọ kóòtù, ó gun orí òrùlé nínú yìnyín lọ di wáyà tó ń gbé àwòrán wá mú. Ó ń kígbe láti òkè pé ṣé ọmọ náà ti dìde. Mo ní n kò rí nǹkan kan. Ó ní kí n wò ó dáadáa. Mo ní òkùnkùn ni mo ń wò, Leander, báwo ni ènìyàn ṣe ń wo òkùnkùn dáadáa? Ó wà lórí òrùlé títí eré fi parí.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ìwọ lo ṣubú, èmi ni mo ń wo ẹ̀yìn. Mo ní ẹja mi ló fà á. Bí n kò bá fi ẹja bẹ kóòṣì, ọmọ ìbá ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, táwẹ́ẹ̀lì á wà lórí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ á pé. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún Kóòṣì Marchetti pé ẹ̀bùn ni ẹja yẹn, kì í ṣe owó iṣẹ́. Èyí tó ti jẹ, kò jẹ wá ní nǹkan kan lórí rẹ̀. Kó jẹ́ kí o jókòó. Bí ó bá fẹ́, màá fi òmíràn ránṣẹ́ sí i kó lè jẹ́ kí o jókòó.

Mo pè ọ́ lórí fóònù ilé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìwọ lo gbé e, mo mọ ohùn rẹ, o ní o kò sí nílé. Mo ní Keegan, ìyá àgbà ni. O kò dá mi lóhùn. Mo ní ọmọ mi, ẹni tí kò sí nílé, báwo ló ṣe ń gbé fóònù sọ pé òun kò sí nílé? Nǹkan kan dún tíìn, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo dúró tì í, mo ròyìn bí orí òrùlé ṣe rí fún ọ, mo bẹ̀ ọ́, o kò sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìwà rẹ. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé dókítà wà lọ́dọ̀ rẹ.

Ní ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ rẹ wá wọlé sórí fóònù Effie. O ní kí n má ṣèyọnu, o wà dáadáa. Effie kà á sókè, èmi náà gba fóònù, mo kà á fúnra mi, nítorí mo mọ Effie. Bí ó ti kà á náà ló rí. Ṣùgbọ́n o fi orí kékeré kan aláwọ̀ ìyeyè sí ìparí rẹ̀, mo sún mọ́ ọn, mo wọ awò ojú mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ méjèèjì! Ẹnu ń sọ pé ó wà dáadáa, ojú ń sunkún. Effie ní ẹ̀rín ló ń rín. Mo ní Effie, mo ti gbé ayé, mo mọ ẹni tó ń sunkún bí mo bá rí i. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá di ojú mi, orí ìyeyè yẹn ni mo ń rí.

Má sọ pé mo ń dààmú lásán. Mo mọ ọ́. Nígbà tí o wà ní kékeré tí ìwọ̀ ẹja wọ ọ́ lọ́wọ́, o fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn, o jókòó jẹun alẹ́ pẹ̀lú wa, o ń fi ọwọ́ kejì jẹun, o ń rẹ́rìn-ín, o ní o wà dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ tó kán sórí ilẹ̀ ni mo fi mọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ St. John's ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, o ní o wà dáadáa. Ìwọ kò ní àìsàn kan rí láyé, ẹnu rẹ kò gbà á. Bàbá rẹ lo jọ.

Nítorí náà n kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnu rẹ mọ́. Wo inú àpò tí lẹ́tà yìí bá wá. Ìbọ̀sẹ̀ ni mo hun fún ọ, irun àgùntàn gidi, funfun, ó ní ìlà pupa ní òkè. Láti ọjọ́ kejì tí o ṣubú ni mo ti ń hun ún. Ó gùn dé orúnkún. Wọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń jáde sí pápá. Bí bàtà rẹ kò bá gbà á, wọ ọ́ jáde lásán kí n rí i, lẹ́yìn náà o lè bọ́ ọ. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, sọ fún wọn pé ìyá àgbà ni.

O mọ ohun tí mo ń sọ. Ọmọ èbúté ni ọ́. Bí ọkọ̀ bá yọ létí àpáta, kò sí obìnrin tó ń dúró gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ, àsíá là ń wò. Bí àsíá bá wà lókè pátápátá, gbogbo wọn pé, a ó gbé omi tíì kaná. Bí ó bá dúró láàrin òpó, a ó gbé ìkòkò kúrò lórí iná, a ó wá gèlè dúdú. Èmi náà wà lójú fèrèsé ní ọjọ́ tí ọkọ̀ Wesley bàbá rẹ dé láìsí òun nínú rẹ̀. Àsíá ti sọ fún mi kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè wá kan ilẹ̀kùn. O ti wà lórí ẹsẹ̀ mi, o ń mu wàrà, o kò lè rántí. Ẹnu a máa parọ́ nítorí ìfẹ́, ọmọ mi, n kò bá ẹnu jà. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ọkọ̀ kan ní Kettle Bight yìí tó gbé àsíá irọ́ rí, ìwọ náà kò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

Bí orúnkún rẹ bá pé, wọ ìbọ̀sẹ̀ náà. Bí kò bá pé, má wọ̀ ọ́. Bí ó bá pé díẹ̀, wọ ẹyọ kan. Effie ní ilé ìfìwéránṣẹ́ á jẹ́ kí òun mọ̀ bí ẹrù náà bá ti dé ọwọ́ rẹ, eré àkọ́kọ́ tó bá tẹ̀ lé e ni màá ti wo ẹsẹ̀ rẹ. N kò fẹ́ mọ iye tí ẹ jù sáwọ̀n. N kò fẹ́ mọ ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà wí. Wọn ì báà rà ọ́, wọn ì báà má rà ọ́, ilé wà. Ògiri wà níbẹ̀, irin àgbá wà lára rẹ̀, àwọ̀n inú rẹ̀ nìkan ló ti gbó, màá hun òmíràn.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ tọrọ. Bí n kò bá rí ìbọ̀sẹ̀ náà lẹ́sẹ̀ rẹ, màá wá. N kò kúrò lórí erékùṣù yìí rí láyé mi, ẹ̀rù sì ń bà mí, ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ojú omi àti ti bọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí mi, torí o mọ̀ pé kò sí owó ẹja lọ́wọ́ wa títí yìnyín á fi yọ́. Má gbé owó náà sí báńkì, ọmọbìnrin tó wà ní báńkì máa ń sọ pé owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í mú un jáde kí n rí i. Fi sínú àpòòwé. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ìbọ̀sẹ̀ náà, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ o. Fi ra ẹran jẹ, mo ń rí egungun ọrùn rẹ láti ibí.

Ọlọ́run tó mú Pétérù rìn lórí omi, kó mú ọ rìn lórí ilẹ̀ dídán yẹn. Bí o bá fò, ilẹ̀ á gbà ọ́ bí ọwọ́ ìyá. Ẹni tó bá fò tẹ̀ lé ọ, apá ibòmíràn ni yóò já sí. Egungun rẹ kò ní yẹ̀, orúkọ rẹ kò ní rì, ọjọ́ tí wọ́n bá ń wọn àwọn ènìyàn, ìwọ̀n rẹ á pé. Ibi tí o bá lọ, wàá lọ, wàá bọ̀, àsíá rẹ á wà lókè pátápátá, a ó sì gbé omi tíì kaná. Àmín.

Èmi ni ìyá àgbà rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Selina Rideout.

Mo ti fẹ́ lẹ àpòòwé pa nígbà tí mo gbọ́ ariwo níta. Bàbá àgbà rẹ ni. Ọkọ̀ wa wà lórí ilẹ̀, yìnyín bò ó dé etí, kò sí ibi tó ń lọ, ó sì lọ gbé àsíá rẹ̀ gun orí òpó dé òkè pátápátá, ẹ̀fúùfù ń nà án gbàgàgbàgà. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló fẹ́ rí i. Ó ní kí ọmọ náà lè mọ̀ pé ilé pé. Ó wá ní òun mọ̀ pé Toronto jìnnà. Mo ní Leander, ìyẹn kò ṣòro. Bí eré yín bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, màá gbé fóònù fífẹ̀ yìí kúrò níwájú àpótí búrẹ́dì, màá kọjú rẹ̀ sí fèrèsé fúngbà díẹ̀, kí n tó dá a padà wá wo ẹsẹ̀ rẹ. Nítorí náà bí o bá jáde, kí rẹfirí tó ju bọ́ọ̀lù sókè, jọ̀ọ́, wo ọ̀dọ̀ wa.